ABẸ BÀBÁ WA

Ó ṣòro kí a tó rí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ohun kan tí a wé sínú àkísà, tí a tì bọ ìsàlẹ̀ àpótí, tí a kò lò mọ́, tí a kò sì lè sọ nù. Ní ilé tiwa, abẹ ni. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé a jókòó láti kọ̀wé nítorí abẹ. A ó sọ bí ó ṣe bàjẹ́, a ó sọ bí a ṣe tún un ṣe, a ó sì sọ ohun tí kò ṣeé tún ṣe nínú rẹ̀. Àwa méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ni ó jọ ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí a bá wí pé “àwa,” àwa méjèèjì ni. Bí a bá sì wí pé “ọ̀kan nínú wa,” ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi wá léèrè pé èwo ni.

Abẹ náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò, tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí ó kúrú, tí ó sì gbé pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lọ́wọ́. Abẹ òyìnbó ni, irú èyí tí a ń ká wọnú èkù rẹ̀ nígbà tí a bá lò ó tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ewé. Ìwo ẹran ni a fi ṣe èkù náà. Ní ìdí irin rẹ̀ ni a tẹ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti pa rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ṣì lè kà níbẹ̀ ni Sheffield. Sheffield ni ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ọ̀bẹ àti abẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1740, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe aago, Benjamin Huntsman, bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí irin náà yóò fi ṣàn bí omi, nítorí pé irin tí ó ń rí rà kò dára tó fún iṣẹ́ aago rẹ̀. Irin tí ó ti inú ìkòkò wọ̀nyí jáde le, ó sì dọ́gba látòkè délẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a sì wá fi ń ṣe abẹ tí ó lè fẹ́lẹ́ gidigidi kí ó má sì ká.

Ẹ má ṣe rò, nítorí èyí, pé àwọn baba wa kò ní abẹ kí òyìnbó tó dé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì kú ní 1901, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé gbogbo ohun èlò irin, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́, ni àwọn ènìyàn wa ń fi ọwọ́ ara wọn rọ nígbà àtijọ́. Pé ọ̀bẹ òyìnbó wọ́n kéré, ó sì dán ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́ tó o. Ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó bàjẹ́ tí a tún ṣe. Samuel parí rẹ̀ ní 1897, ó sọnù lẹ́yìn tí a fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú. A ti mọ ìtàn yìí láti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó kàn wá, títí di ọjọ́ tí abẹ yìí kó wa jọ.

Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni ó ti jogún abẹ náà. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí a bá ti jẹun tán, a ó bá a gbé omi gbígbóná wá nínú abọ́, yóò po ọṣẹ títí yóò fi hó, yóò fi awọ gígùn kan kọ́ ìṣó ojú fèrèsé, yóò sì máa fa abẹ náà lọ fa abẹ náà bọ̀ lára awọ. Ìró rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ọ̀la ni ọjọ́ ìsinmi. Kò sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ náà. Bàbá wa kò jẹ́ kí á dúró tì í pàápàá. Ó ní abẹ kò mọ ọmọ onílé.

Ní 1978, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kí olúkúlùkù ọmọ mú agbọ̀n kékeré kan wá ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú wa ni ó ni agbọ̀n náà láti hun, èkejì sì ń ràn án lọ́wọ́. A ti rí ọparun, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ilé ti kújú, kò sì lè la ọparun náà sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń fẹ́. Ìyá wa lọ sí ọjà, bàbá wa wà ní ìpàdé ìjọ. Àwa mú abẹ. Ó la ọparun náà bí ẹni la ẹ̀kọ, inú wa sì dùn, títí ó fi kan ìkókó kan. A gbọ́ ìró kékeré kan. Nígbà tí a wò ó, ojú abẹ náà ti fọ́ nítòsí orí rẹ̀, ó ya bí ẹnu ọmọdé tí eyín rẹ̀ ká. A nù ún, a ká a, a dá a padà sí ipò rẹ̀, a sì hun agbọ̀n wa tán.

Ní alẹ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, bàbá wa ṣí abẹ rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ àtùpà. Ó wò ó títí. Nígbà náà ni ó bèèrè pé, “Ta ni ó fọwọ́ kan abẹ yìí?” Àwa méjèèjì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Èmi kọ́, sà.” Bàbá wa wí pé, “Ó dára.” Ó wé abẹ náà sínú àkísà funfun kan, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi réésà fá irùngbọ̀n láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ. Kò bi wá mọ́, kò sì nà wá. Ìbá nà wá, ìbá sàn fún wa. Agbọ̀n náà gba máàkì tí ó dára; bàbá wa sì gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó ń kó ṣọ́ọ̀kì sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Bàbá wa kú ní 2011. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ìyá wa pè wá sínú yàrá, ó sì gbé àkísà náà lé wa lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá yín ní kí n kó èyí fún ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní ẹ mọ ohun tí ó ṣe é.” Àwa méjèèjì wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò tí a ń pè ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá pọ̀ sí. Èkejì padà sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Àárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ni a fi ń rí ara wa.

Ní 2019 ni ẹni tí ó wà ní Under G tú àkísà náà. Abẹ ti dógùn-ún. Ìpáàrà ti bò ó bí èépá, kòkòrò sì ti jẹ apá kan èkù rẹ̀. Ìtìjú mú un, ó sì fẹ́ tún un ṣe kíákíá. Ó gbé e tọ òṣìṣẹ́ wẹ́dà kan lọ, ó ní kí ó bá òun fi ẹ̀rọ lọ ibi tí ó fọ́ náà kúrò. Iná ń ta pàràpàrà, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé tí àlàfo náà ti lọ. A kò dá wẹ́dà náà lẹ́bi. Irin ilẹ̀kùn ni ó mọ̀, àwa ni a gbé abẹ fún un. Ṣùgbọ́n orí abẹ náà ti di àwọ̀ aró. Nígbà tí a pọ́n ọn, ó mú; nígbà tí a fi kan irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ ká bí etí ìwé àtijọ́.

Ó gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí èkejì rí i, ó bínú púpọ̀, ó ní abẹ tí a bàjẹ́ nígbà èwe ni a tún wá pa ní ìgbà àgbà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ọ̀kan wí pé èkejì ni ó gé ọparun ní ọjọ́ náà. Èkejì wí pé òun kì bá tí gé e bí a kò bá rán òun lọ mú abẹ wá. Ọdún 41 ni a fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì dà. Bí a ṣe pọ̀ ọ́ jáde ni ó ṣì gbóná.

Ìyàwó ilé ni ó bá wa dá sí i, tí ó ní kí á lọ bi alágbẹ̀dẹ léèrè kí á tó pa ara wa. Àgbà alágbẹ̀dẹ kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. A kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.” Ó gba abẹ, ó fi èékánná ta ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé etí sí i. Ó ní kò sán. Bí ó bá sán, ohùn rẹ̀ ìbá kú. Abẹ tí ó sán, a kì í tún un ṣe, nítorí ó lè já mọ́ ènìyàn lójú. Abẹ tí ó fọ́ lójú, àtúnṣe ń bẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó wo ibi tí ó di àwọ̀ aró, ó sì mi orí.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, iná ti jẹ agbára ibí yìí.”

A bèèrè pé, “Bàbá, ṣé ẹ kò lè kì í bọ iná padà, kí ẹ sì rì í sómi, kí ó tún le?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èyí tí ó fẹ́lẹ́ tó yìí? Bí mo bá kì í bọ iná, yóò wọ́ bí ewé tí oòrùn pa. A kì í fi iná wo egbò iná. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ gé e títí dé ibi tí iná dúró, kí ẹ má sì gé e kọjá ibẹ̀. Omi àti òkúta ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ.”

Ohun tí àgbà náà sọ bá ohun tí ìwé ń kọ́ni mu. Irin abẹ a máa le nítorí pé a kì í bọ iná tí a sì rì í lójijì. Ṣùgbọ́n bí ooru bá tún dé bá a tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọ̀ rẹ̀ a di aró, líle rẹ̀ a sì dínkù. Ẹ̀rọ tí ń yára a máa mú ojú abẹ gbóná tó bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, nítorí pé irin ibẹ̀ kò nípọn tó láti gbé ooru náà lọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, ẹni tí ó wà ní Under G a máa wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. A kọ́kọ́ fi àdín pa abẹ náà, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a sì fi eérú kíkúnná àti àkísà fọ ìpáàrà òkè kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a fi sáńpépà kíkúnná àti omi tẹ̀ lé e. Láti ẹ̀yìn lọ sí ojú ni a ń nù ún, kì í ṣe láti ojú wá sí ẹ̀yìn, kí ọwọ́ má baà fara gbọgbẹ́. Ìpáàrà náà lọ, ṣùgbọ́n ó fi ihò wíníwíní sílẹ̀ lára irin bí ojú ṣọ̀pọ̀ná. A fẹ́ dán an títí ihò wọ̀nyí yóò fi lọ. Àgbà náà ní kí á má ṣe é. Ó ní bí a bá bá ihò lọ, a ó bá irin náà lọ. Ihò tí kò bá dé ojú abẹ kò dí abẹ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a gbé orí rẹ̀ lé òkúta ìpọ́nbẹ tí kò kúnná. Bí a bá ti fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, a ó rì í sínú omi. Nítorí bí ọwọ́ bá ti lè mọ ooru lára irin, ooru náà ti fẹ́ pọ̀ jù. Sátidé mẹ́fà ni ó gbà wá kí àwọ̀ aró náà tó tán. Orí abẹ náà, tí ó ní igun tẹ́lẹ̀, wá rí róbótó, abẹ náà sì kúrú sí i ní ìwọ̀n ìbú èékánná kan.

Nígbà náà ni ìpọ́n gan-an bẹ̀rẹ̀. A ra òkúta mẹ́ta, 1000, 5000 àti 8000. Bí iye tí a kọ sára òkúta bá ti ń pọ̀ sí i ni òkúta náà ń kúnná sí i. A ó dùbúlẹ̀ abẹ náà gbalaja, kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ jọ kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ni ó ń darí ojú. Bí ojú bá ti ń jẹ ni ẹ̀yìn náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdúró wọn kò sì yí padà. Nítorí èyí ni abẹ tí a tọ́jú fi lè sin bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ. Lórí òkúta, ojú ni ó ń ṣíwájú. Lórí awọ, ẹ̀yìn ni ó ń ṣíwájú, nítorí bí ojú bá ṣíwájú, yóò gé awọ náà. Nígbà tí a bá sì dé òpin awọ, orí ẹ̀yìn ni a ń yí abẹ sí, a kì í yí i sórí ojú. Awọ bàbá wa ti jẹrà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò wá oníṣọ̀nà awọ tì. A bèèrè ní ọjà Akẹ́sán, a sì rí ẹni tí ó gé òmíràn fún wa. Igi ayan ni a fi ṣe èkù tuntun.

Ní ọjọ́ kan nínú àwọn Sátidé náà, nígbà tí ọ̀kan ń da omi tí èkejì ń fa abẹ, tí kò sí ẹni tí ó ń sọ ohun kan, ọ̀kan nínú wa wí pé, “Èmi ni ó fọ́ ọ.” Èkejì kò gbójú sókè. Ó ní, “Àwa ni.” Ohun tí a ì bá sọ fún bàbá wa lálẹ́ ọjọ́ náà ní 1978 nìyẹn. Ó ti pẹ́ jù kí ó tó gbọ́ ọ, àtúnṣe kankan kò sì sí fún èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń kọ “àwa.”

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó rí wa lẹ́nu iṣẹ́ bèèrè ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó báyìí, nígbà tí réésà kò wọ́n. Ìbéèrè tí ó dára ni. Láti 1904 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fún King C. Gillette ní ìwé àṣẹ lórí réésà tí a ń lò tí a sì ń sọ nù, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin kò nílò òkúta àti awọ mọ́. Ó sì ní ohun tí réésà fi sàn. Láti 1986 tí a ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn AIDS ní Nàìjíríà ni a ti ń kọ́ wa pé abẹ kan kò gbọ́dọ̀ ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀jẹ̀. Òtítọ́ ni, ẹ má sì ṣe gbàgbé rẹ̀. A kò tún abẹ yìí ṣe kí á lè fi í fá orí ọmọ ìlú. A tún un ṣe nítorí pé àwa ni a bà á jẹ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà, àwa méjèèjì kò lè jọ lò ó. Ọ̀kan nínú wa ti pá lórí, ó sì dá irùngbọ̀n sí. Ó ní apárí fojú di abẹ, òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi í fá irùngbọ̀n kò mọ̀ ọ́n pọ́n dáadáa, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pọ́n kò sì ní í lò. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí náà ni abẹ náà fi ń rin ìrìn àjò láti Under G dé Ọ̀yọ́ nígbàkígbà tí ojú rẹ̀ bá kú, ẹni tí ó gbé e wá a sì jẹun kí ó tó padà.

Abẹ náà kò rí bí ó ti rí lọ́wọ́ bàbá wa mọ́. Ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ihò wà lára rẹ̀, èkù rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ, nítorí àtúnṣe kì í dá ohun padà sí bí ó ti wà. Ńṣe ni ó ń gé nínú rẹ̀ títí yóò fi ku èyí tí ó yè, bí ìgbà bá sì ti ń pẹ́ ni èyí tí a ó gé ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù náà ń fá irùngbọ̀n. Inú agbọ̀n kékeré tí a fi ọparun hun ni a sì ń fi awọ rẹ̀ sí.